Òkúta Àárín

Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ni Argiro fi gbádùn ìsinmi rẹ̀ ní Tolo, létí òkun, kí ọjọ́ kẹwàá tó bà á jẹ́. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, níbi tí wọ́n ti ń jẹ ẹja yíyan, Stratis, ọkùnrin tí wọ́n ti jọ ń fẹ́ra fún ọdún mẹ́ta, gbé fọ́ọ̀kì kalẹ̀.

“Lọ́la, a máa yà ní Epidavros ká tó padà sílé,” ó ní. “Wàá gun òkè lọ, èmi á dúró sórí òkúta àárín. Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ bi ọ́.”

Argiro ò béèrè ohun tó jẹ́. Ẹni ọdún mọ́kàndínlógójì ni, kò fẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ lé oríire lọ. Ó kàn lọ fi áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ funfun tó ti ń gbé káàkiri nísàlẹ̀ àpótí láti ọjọ́ yìí wá.

Kò sí ọmọ ilẹ̀ Gíríìkì tí kò mọ òkúta Epidavros náà. Láti ilé ìwé ni wọ́n ti ń kó wọn lọ wò ó. Olùkọ́ á dúró lórí rẹ̀, láàárín gbàgede tí àwọn òṣèré ayé àtijọ́ ti ń ṣeré, á ya bébà, àwọn ọmọ tó jókòó lókè téńté, níbi tí ìlà ìjókòó tó ń gòkè bí àtẹ̀gùn ti pé márùndínlọ́gọ́ta, á gbọ́ ọ ketekete. Torí pé òkè téńté ni wọ́n máa ń ti gbọ́ ọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló dàgbà pẹ̀lú èrò pé ibẹ̀ nìkan ni ohùn ń balẹ̀ sí, pé ó ń fo àwọn tó wà láàárín kọjá. Irọ́ gbuu ni. Evlambia, ìyá Stratis, gba irọ́ náà gbọ́ ju bó ṣe gba ìwàásù àlùfáà lọ.

Kò tiẹ̀ yẹ kí Evlambia wà nínú ìsinmi yìí. Ọjọ́ kẹta ló wọ bọ́ọ̀sì wá bá wọn, ó ní ooru ìgboro fẹ́ pa òun. Láti ọjọ́ náà ló ti ń jókòó níwájú nínú ọkọ̀ Argiro, ọmọ rẹ̀ á sì wà lẹ́yìn, á máa tẹ fóònù.

“Ìwọ Argiro, rọra wa ọkọ̀ yìí. Ẹsẹ̀ wo gan-an lo fi ń tẹ bíréèkì?”

“Èyí tó dára ni, Màmá.”

“Mo kàn béèrè ni o. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.”

Alùpùpù ló gbá Argiro nígbà tó wà lọ́mọ ogún ọdún. Ẹsẹ̀ òsì jinná, ṣùgbọ́n ó kúrú ju ọ̀tún lọ, láti ìgbà náà ló sì ti ń fi ọ̀pá rìn. Nínú omi nìkan ni kò sẹ́ni tó ń mọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti kọ́ àwọn ọmọdé ní odò wíwẹ̀ ní Piraeus, ibẹ̀ ni Stratis ti rí i, tó dúró dè é títí tó fi jáde nínú omi. Ó wo ẹsẹ̀ náà, ó ní, “Èmi ò rí nǹkan kan.” Gbólóhùn yẹn ni Argiro fi ń ṣe oúnjẹ fún ọdún mẹ́ta.

Oòrùn ti le nígbà tí wọ́n dé. Obìnrin aláàbò kan dúró nídìí igi páìnì pẹ̀lú fèrè lọ́rùn. Ẹni tó bá kọrin tàbí tó pariwo níbẹ̀, á fun fèrè mọ́ ọn. Argiro bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè. Nígbà tó dé ìlà karùndínlọ́gbọ̀n, ẹsẹ̀ náà ní ó tó. Ó jókòó, ó kẹ̀yìn sí gbàgede, ó ń wọ́ orúnkún. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ ohùn Stratis láti orí òkúta nísàlẹ̀, bí ẹni pé ó dúró ti èjìká rẹ̀.

“Ó ti jókòó. Kò tíì dé ìdajì.”

“Jẹ́ kó sinmi,” Evlambia ní. “Ohùn kì í balẹ̀ síbẹ̀. Stratis, ṣé o rò ó dáadáa?”

“Màmá, ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀.”

“Mi ò bẹ̀rẹ̀ nǹkan kan. Ọjọ́ ìgbéyàwó ni mò ń rò. Ṣé o mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọkọ àti ìyàwó ń yí tábìlì àlùfáà ká? Wá wò ó.”

Argiro yíjú padà díẹ̀. Ìyá náà ti ká yẹ̀rì rẹ̀ sókè, ó ń tiro yí òkúta náà ká, ó gbé ìdí kan sókè, ó ju ẹsẹ̀ òsì síta bí ẹni ń wọ́ àpò ìyẹ̀fun. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló yí i. Àwọn àlejò tó jókòó nísàlẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé eré ni.

“Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo yí? Àlùfáà á ti sùn lọ.”

Stratis rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín àtọkànwá ni, èyí tó máa ń parí pẹ̀lú ikọ́. Lẹ́yìn náà ló ní, “Màmá, ta lẹ fẹ́ kí n rí? Mo ti di ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta, irun ti tán lórí mi. Bí a ò bá rí àdán, à ń fi òòbẹ̀ ṣẹbọ.”

Ẹyin lohùn, tó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹlòmíràn ì bá bú sẹ́kún. Argiro fi ọ̀pá tilẹ̀, ó dìde, ó gun ọgbọ̀n ìlà tó kù, ó sì jókòó lókè téńté níbi tí wọ́n ní kó jókòó sí.

“Argiro mi,” Stratis ní láti ìsàlẹ̀, ohùn rẹ̀ ń dùn bí oyin, “ṣé wàá fẹ́ mi?”

Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́. Ohun tó dun Argiro jù lọ́jọ́ náà rèé: ọkàn rẹ̀ fò fún ayọ̀. Pẹ̀lú gbogbo ohun tó ti gbọ́, ìṣẹ́jú kan wà tí inú rẹ̀ dùn, ó sì kórìíra ara rẹ̀ nítorí ìṣẹ́jú kan yẹn.

Ó sọ̀kalẹ̀. Ó pẹ́ kó tó délẹ̀, gbogbo ojú sì wà lára ẹsẹ̀ náà.

“Orí òkúta ni ìbéèrè ti wá, ibẹ̀ ni ìdáhùn náà á ti wá,” ó ní. “Ẹ gun òkè lọ, ẹ̀yin méjèèjì.”

“Èmi kẹ̀? Pẹ̀lú orúnkún yìí?”

“Màmá, ṣé ẹ ò ní fẹ́ gbọ́ ọ ni?”

Evlambia fẹ́ gbọ́ ọ. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló jókòó lọ́nà, ọmọ rẹ̀ ń tì í lẹ́yìn, òógùn bò ó. Argiro dúró dè wọ́n lórí òkúta títí wọ́n fi dé òkè, tí Stratis fi juwọ́ sí i, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Nígbà náà ni Argiro sọ ohun tó ti gbọ́ lẹ́sẹẹsẹ, ní ohùn Stratis gan-an: “Ó ti jókòó. Kò tíì dé ìdajì.” Ó bọ́ sí ohùn ìyá náà, “Jẹ́ kó sinmi. Ohùn kì í balẹ̀ síbẹ̀.” Gbólóhùn kan ò bọ́. Ó yí òkúta náà ká lẹ́ẹ̀mẹta pẹ̀lú ẹsẹ̀ ara rẹ̀, kò nílò láti sín ẹnikẹ́ni jẹ. “Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo yí? Àlùfáà á ti sùn lọ.” Ó rín ẹ̀rín Stratis, ó wú ikọ́ rẹ̀ náà. Àwọn tó gbọ́ èdè Gíríìkì yíjú wo òkè téńté. “Bí a ò bá rí àdán, à ń fi òòbẹ̀ ṣẹbọ.” Ó gbójú sókè. “Òòbẹ̀ kọ̀.”

Àwọn àlejò tí kò gbọ́ èdè pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Stratis sáré sọ̀kalẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n.

“O dójú tì mí níwájú èèyàn,” ó ní.

Argiro dúró, bóyá ọ̀rọ̀ míì á tẹ̀ lé e. Ó ṣí báàgì, ó fara balẹ̀ wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀ títí ó fi rí i. Stratis kàn ń gbọn eruku ṣòkòtò rẹ̀. Argiro yíjú, ó ń tiro lọ sí ọ̀nà àbájáde.

Lókè téńté, orúnkún Evlambia ti kọ̀ láti dìde. “Argiro,” ó lọgun, “ta ló máa gbé wa délé?”

Obìnrin aláàbò náà fun fèrè mọ́ ọn. Wọn kì í pariwo níbẹ̀.