Oko Àlejò

Kò sí òṣìṣẹ́ ibùdó ìdánwò irúgbìn náà tí kò mọ oko àlejò. Ẹ̀gbẹ́ títì ló wà, àgbàdo rẹ̀ dúdú minimini, nítorí òun nìkan ni wọ́n ń bu omi rin láràárọ̀. Odidi ọdún mẹ́rìnlá tí àwọn ará òkè òkun fi ń náwó síbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ títì yìí ni wọ́n ti ń ya fọ́tò. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á wọkọ̀, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ìyá Àgbàdo, ọ̀gá ibùdó, ló gbin oko náà fúnra rẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́.

Lọ́dún yìí, àwọn ará òkè òkun ti lọ, ìjọba ilẹ̀ ibí ló ń náwó ọ̀hún. Ìgbìmọ̀ ìjọba ń bọ̀ wá wò ó bóyá kí iṣẹ́ máa lọ tàbí kí wọ́n ti ibẹ̀ pa. Bí wọ́n bá tì í, ọgọ́ta àgbẹ̀ tó ń kọ́ṣẹ́ á padà sílé lọ́wọ́ òfo. Igbákejì Ìyá Àgbàdo ti bomi rin oko àlejò lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa dé.

Ìgbìmọ̀ dé, igbákejì nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́ títì. Ìyá Àgbàdo ní kí wọ́n máa tẹ̀ lé òun, ó gba ẹ̀yìn ilé ìkẹ́rù lọ. Obìnrin náà láyà! Oko ìdánwò gan-an ló mú wọn lọ, níbi tí kòkòrò ti jẹ irúgbìn tuntun kọjá ìdajì.

Alága ìgbìmọ̀ béèrè ohun tí wọ́n wá wò níbẹ̀. Ìyá Àgbàdo dá a lóhùn:

“Ọ̀gá, nígbà tówó jẹ́ ti ará ìta, ẹ̀gbẹ́ títì la fi ń hàn wọ́n. Owó ilé là ń ná báyìí. Onílé ló yẹ ká fi ibi tó ń jò hàn.”

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Ti ibùdó yìí ò tiẹ̀ tó ogún.

Ìyá Àgbàdo wá fi ebè mẹ́ta tí kòkòrò kò fọwọ́ kàn hàn wọ́n. Àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn ló ṣa irúgbìn yẹn, ó sì fẹ́ gbìn ín lẹ́ẹ̀kan sí i kó lè mọ ìdí. Alága lóṣòó sáàárín ebè pẹ̀lú bàtà rẹ̀ tó ń dán, ó já ewé kan, ó yẹ̀ ẹ́ wò títí. Igbákejì ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé iṣẹ́ ibùdó ti parí.

Alága dìde, ó ní àwọn á fi ọdún méjì kún iṣẹ́ ibùdó náà. Ó wá kọjú sí igbákejì.

“Ẹ hú oko ẹ̀gbẹ́ títì yẹn. Àwa kì í ṣe àlejò níbí.”

Kí igbákejì tó rí ọkọ́, Ìyá Àgbàdo ti débẹ̀. Òun ló fa igi àgbàdo àkọ́kọ́ tu.