Orúkọ Tí Wọn Kò Gbà Láti Yọ

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta. Òjò kò rọ̀, ṣùgbọ́n ojú ọ̀run ti ṣú láti àárọ̀, afẹ́fẹ́ sì ń gbá lẹ́búlẹ́bú pákó láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù bàbá wa wọ inú ilé. Mo wo kàlẹ́ńdà kí n tó kọ èyí, nítorí n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé mo ṣi ọjọ́ pè.

Àbúrò mi ọkùnrin ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa kọ ètò tí kọ̀ǹpútà àti fóònù ń tẹ̀ lé. Ìwé mi kò jìnnà, nítorí náà ohun tó yé mi nìkan ni màá sọ. Òun nìkan ló jókòó sí yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù tó kọ ètò kan tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń mọ ìwọ̀n oògùn tó yẹ ọmọdé. Nọ́ọ̀sì á tẹ ìwọ̀n ọmọ sí i ní kílò, ètò náà á ní kí ó tún un tẹ̀. Bí méjèèjì kò bá bára mu, kò ní dáhùn. Àwọn kan ń kùn pé ó ń fi àkókò ṣòfò. Àbúrò mi a máa dá wọn lóhùn pé ibi tó ti ń fi àkókò ṣòfò yẹn gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀ wà.

Kò tà á. Ó ṣí i sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àti gbogbo ohun tó kọ sínú rẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ mú un, kí ó tún un ṣe, kí ó sì pín in fún ẹlòmíràn. Wọ́n máa ń fi ìwé àṣẹ kan sínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, tí yóò sọ ohun tí ẹni tó mú un lè ṣe. Oríṣiríṣi ló wà. Ẹni tó ni iṣẹ́ ló ń yan èyí tó wù ú. Nígbà tí àbúrò mi fẹ́ yan tirẹ̀, ó bi bàbá wa. Káfíńtà ni bàbá wa. Kò sí àga tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò fi irin gbígbóná tẹ àmì rẹ̀ sí lábẹ́. Ó ní, "Fún wọn. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí wọ́n pa orúkọ rẹ rẹ́." Irú ìwé tí àbúrò mi yàn nìyẹn: lò ó bó ṣe wù ọ́, ṣùgbọ́n o kò gbọdọ̀ yọ orúkọ ẹni tó kọ ọ́.

Ní ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, mo jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí nọ́ọ̀sì kan wọlé. A mọ̀ ọ́n dáadáa. Ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ lo ètò náà, òun ló sì sọ àbúrò mi ní Dókítà Aláìlábẹ́rẹ́. Kò pè é bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kò tilẹ̀ jẹ́ mi lóhùn nígbà tí mo kí i káàbọ̀. Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá lọ sí yàrá ẹ̀yìn, mo sì dìde tẹ̀ lé e.

Ó na fóònù rẹ̀ sí àbúrò mi. "Ìwọ lo ṣe èyí?"

Àbúrò mi wò ó. "Rárá o, mà. Ẹ̀dà ni. Àwọn kan ló mú tèmi, wọ́n gé e síhìn-ín, wọ́n lẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún, wọ́n kó ìpolówó ọjà sínú rẹ̀. Mi ò bá wọn ṣe é."

"Orúkọ rẹ tó wà níbí ńkọ́?"

Àbúrò mi gba fóònù náà, ó wo orúkọ ara rẹ̀ lórí rẹ̀.

"Mo ra fóònù tuntun," nọ́ọ̀sì wí. "Mo wá orúkọ rẹ, èyí ló kọ́kọ́ yọjú. Mo ní ṣebí Dókítà wa náà ni. Kílò mẹ́tàlá ni ọmọ yẹn. Ọwọ́ mi ṣì í tẹ̀, mo fi ẹ̀ta ṣáájú ení, mo tẹ mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Kò bi mí lẹ́ẹ̀kejì! Tìrẹ ì bá ti bi mí."

Oògùn tí wọ́n fún ọmọ náà ju agbára rẹ̀ lọ, ó sùn, kò jí títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́. Mo bi nọ́ọ̀sì léèrè lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ní ó ti jí, ó ti ń jẹun. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá ilé ìwòsàn ti ní kí òun lọ jókòó sílé títí wọn yóò fi wádìí ọ̀rọ̀ náà.

"Mi ò wá bá ọ jà," ó ní. "Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní wọ́ọ̀dù ti ń gbé e sórí fóònù tiwọn. Mo sọ fún wọn pé kì í ṣe tìrẹ, wọ́n ní orúkọ rẹ ni àwọn rí. Ṣáà jẹ́ kí wọ́n yọ orúkọ rẹ. Lónìí yìí."

Nọ́ńbà kan wà lórí ẹ̀dà náà. Àbúrò mi pè é, ó sì gbé ohùn rẹ̀ síta kí gbogbo wa lè gbọ́. Bàbá wa ti wọlé nígbà yẹn, ó fi pẹ́ńsùlù há etí.

"Ẹ̀gbọ́n wa!" ohùn ọkùnrin kan dáhùn. "Ọ̀gá àwọn ọ̀gá! Ìdí iṣẹ́ yín la ti ń jẹun o."

"Ẹ yọ orúkọ mi kúrò lára rẹ̀."

"Háà, ẹ̀gbọ́n. Ìwé àṣẹ yín ló ní a ò gbọdọ̀ yọ ọ́. Àbí ẹ fẹ́ kí wọ́n ní a jalè?"

"Èmi tí mo fi ìwé náà sí i ló ń bá yín sọ̀rọ̀."

"Ẹ má bínú sí mi, agbẹjọ́rò wa ló ní ká má fọwọ́ kàn án. Ká má purọ́ ṣá, orúkọ yín ni wọ́n fi ń wá wa. Orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ, ẹ̀yin náà mọ̀." Ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ dá ìbéèrè kejì padà nígbà náà. Ọmọ kan fẹ́rẹ̀ẹ́ kú."

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ṣùgbọ́n ẹ ka ìsàlẹ̀ ìwé yín, ẹ̀gbọ́n. Ó wà níbẹ̀ pé ẹni tó bá lò ó, ọrùn ara rẹ̀ ló fi wewu, pé ẹni tó ṣe é ò ní dáhùn fún ohunkóhun. Ẹ̀yin lẹ fi í síbẹ̀. Àwa kàn dà á kọ ni. Ẹ bá wa kí ilé o."

Ó pa fóònù. Nọ́ọ̀sì gbójú sókè.

"Ìwọ lo kọ ìyẹn?"

"Gbogbo wa la máa ń fi í síbẹ̀, mà. Bó ṣe máa ń wà nìyẹn."

"Ọrùn ara mi," nọ́ọ̀sì wí. Ó jókòó sórí àpótí tó wà lẹ́bàá ìlẹ̀kùn.

Bàbá wa ní, "Níbo ni ṣọ́ọ̀bù wọn wà? Ẹnì kan gé ẹsẹ̀ àga mi kúrú rí, ó gbé e tà, àmì mi sì wà lábẹ́ rẹ̀. Mo lọ bá ẹni tó rà á, mo tún un ṣe fún un. Dìde, ká lọ."

"Wọn ò ní ṣọ́ọ̀bù, Bàbá. Àga yín, ẹyọ kan ni. Èyí wà lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó ti gbé e."

"Tí o bá pààrọ̀ ìwé àṣẹ náà ńkọ́?" mo bi í.

"Mo lè pààrọ̀ rẹ̀ fún èyí tí mo bá kọ lọ́la, ẹ̀gbọ́n mi. Èyí tí mo ti fún wọn, mo ti fún wọn." Ó yíjú sí bàbá wa. "Ẹ ní màá tẹ ilẹ̀ tútù. Mo tẹ̀ ẹ́, Bàbá, mo sì yọ̀ ṣubú."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín.

Ó padà síwájú kọ̀ǹpútà. Mo rí i tó ń tẹ orúkọ ètò náà sínú àpótí kékeré kan lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ fún mi pé bí ènìyàn bá fẹ́ pa irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rẹ́ níbi tí wọ́n kó o sí, wọ́n á kọ́kọ́ bi í bóyá ó dá a lójú, wọ́n á sì ní kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ orúkọ iṣẹ́ náà.

"Kí lò ń ṣe yẹn?" nọ́ọ̀sì bi í.

"Bí mi ò bá lè pa tiwọn, màá pa tèmi."

"Má pa á! Tìrẹ ló ń bini lẹ́ẹ̀mejì!"

Ó ti tẹ̀ ẹ́.

Nọ́ọ̀sì mú fóònù rẹ̀, ó sì tún wá orúkọ àbúrò mi. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀, mo sì fi ojú ara mi rí i. Tẹ́lẹ̀, méjì ni wọ́n. Ẹyọ kan ló yọjú báyìí, ẹ̀dà náà ni, orúkọ àbúrò mi sì wà lábẹ́ rẹ̀ gbagada.

"Gbé tìrẹ padà," bàbá wa wí. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ó rántí ohun tó sọ lọ́jọ́ ìwé àṣẹ, nítorí kò lè wo ojú ẹnikẹ́ni nínú wa.

"Kí wọ́n lè tún wá mú un?"

Mo ti bi àbúrò mi léèrè láti ìgbà náà, kí n má baà ṣì í sọ. Ó ní iṣẹ́ náà ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà òun, ó sì wà lórí fóònù àwọn tó ti gbé e tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń wá a lónìí kò ní rí i. Kò tíì gbé e padà. N kò rò pé yóò gbé e padà.

Àwọn tó wà ní yàrá náà ni bàbá wa, nọ́ọ̀sì, àbúrò mi àti èmi. Ìyá wa ti lọ sí ibi iṣẹ́. Kò sí níbẹ̀. Ọkùnrin tó bá wa sọ̀rọ̀ lórí fóònù kò sí níbẹ̀, a kò sì mọ ojú rẹ̀ títí di òní.