Ìbòjú Odessa

Ẹni tó bá ní kí olùkọ́ má ṣe Halowíìnì ní kíláàsì, ẹni náà kò tíì dúró níwájú ọmọ ọdún méjìlá mẹ́rìnlélógún rí lọ́jọ́ tó kẹ́yìn oṣù kẹwàá. Ohun tó wù ẹ́ ni kó o máa kọ́ wọn, aṣọ tí wọ́n máa wọ̀ àti súìtì tí wọ́n máa tọrọ láti ilé dé ilé ni wọ́n ń rò. Èmi Loretta Haskel ti ń kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì láti ọdún mọ́kàndínlógún, mi ò sì bá wọn jà sí i mọ́.

Ọ̀gá ilé ìwé wa, Mísítà Lindqvist, ní òun ò kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n eré yòówù kí á ṣe gbọ́dọ̀ so mọ́ iṣẹ́ kan nínú ìwé ètò ẹ̀kọ́, kí á sì kọ nọ́ńbà iṣẹ́ náà sójú pátákó. Ó tún ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bojú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo kọ nọ́ńbà tèmi gàdàgbà. Bí àrùn ṣe ń ràn ni iṣẹ́ wa. Mo ti fi ìyẹ̀fun kan tí ojú kì í rí pa súìtì mélòó kan lára. Wọ́n á gbé abọ́ yíká, wọ́n á bọ ara wọn lọ́wọ́, lẹ́yìn náà màá pa iná yàrá, màá tan iná aláwọ̀ aró, ọwọ́ gbogbo ẹni tó ti kó àrùn yóò sì máa tàn.

Mo ní kí kálukú múra bí ohun kan nínú ìtàn àrùn. Ẹ̀fọn mẹ́ta la ní. Dashiell, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, di eku, ó so ìrù okùn mọ́ ìdí ṣòkòtò. Odessa Pruitt ló wá borí gbogbo wọn.

Oṣù kẹjọ ni Odessa dé ìlú wa. Láti ìgbà náà, kò sọ̀rọ̀ ju “bẹ́ẹ̀ ni, mà” lọ, òun nìkan ló sì ń jẹun ọ̀sán. Lọ́jọ́ yìí, ó wọlé bíi dókítà ayé àtijọ́, ti ìgbà tí àjàkálẹ̀ àrùn ń pa èèyàn ní Yúróòpù: aṣọ dúdú tó balẹ̀, fìlà dúdú, ìbòjú tí ẹnu rẹ̀ gùn bíi ti ẹyẹ àkọ̀, àti ọ̀pá gígùn tí àwọn dókítà náà fi ń kan aláìsàn kí ọwọ́ wọn má baà kàn án. Òun àti ìyá rẹ̀ ló fi páálí ṣe ìbòjú náà, òpin ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi ṣe é.

“Odessa, ìwọ rèé?” Dashiell ní. “Dókítà, ẹ wá wo eku yín o, ara ẹ̀ ò yá.”

“Ìwọ lo kó àrùn bá wa,” Odessa dá a lóhùn nínú ìbòjú, ó sì fi ọ̀pá tì í sẹ́yìn. “Jìnnà sí mi.”

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ìgbà náà ni mo rántí pé mo ti gbàgbé iná aláwọ̀ aró sí yàrá àwọn olùkọ́.

“Odessa, bá mi sáré lọ mú un wá.”

Ó gbé ọwọ́ sí ìbòjú. “Kí n bọ́ ọ, mà?”

Mo mọ òfin. Ṣùgbọ́n mo wo bí ó ṣe dúró, bí àwọn yòókù ṣe ń wò ó. “Má bọ́ ọ,” mo ní. “Máa lọ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n rí ẹ.”

Kò tíì tó ìṣẹ́jú mẹ́ta tí ohùn fi jáde láti inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn: “Ẹ ti ilẹ̀kùn. Kì í ṣe ìdánrawò. Ẹ ti ilẹ̀kùn.”

Kò sẹ́ni tó sọ fún àwọn ọmọ náà ohun tí wọ́n máa ṣe. Láti ọmọ ọdún márùn-ún ni wọ́n ti ń fi kọ́ra, bí wọ́n ṣe máa sá pamọ́ bí oníbọn bá wọ ilé ìwé. Mo ti ilẹ̀kùn, mo fi aṣọ bo gíláàsì rẹ̀, mo pa iná. Eku àti ẹ̀fọn jókòó sílẹ̀ níbi ògiri tí ẹnikẹ́ni ò lè rí wọn láti òde. Mo kà wọ́n, wọ́n jẹ́ mẹ́tàlélógún.

Ẹnì kan kan ilẹ̀kùn.

“Mísìs Haskel? Èmi ni, mà. Odessa ni.”

Òfin ilẹ̀kùn títì kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Bí ilẹ̀kùn bá ti tì, a kì í ṣí i fún ẹnikẹ́ni, kódà bí a bá mọ ohùn rẹ̀, torí pé oníbọn lè wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọlọ́pàá ló máa fi kọ́kọ́rọ́ ṣí i.

“Odessa ni, mà,” Keziah, tó máa ń jókòó ti Odessa ní kíláàsì, sọ wúyẹ́wúyẹ́. “Ẹ ṣílẹ̀kùn fún un.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣí i.” Dashiell ni. Ó ti di ìrù rẹ̀ mú, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. “Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣí i.”

Mo fi ìka lé ẹnu. Odessa tún kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan sí i, jẹ́jẹ́. “Ẹ jọ̀ọ́, mà.” Lẹ́yìn náà, mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń lọ.

Fóònù mi gbọ̀n. Olùkọ́ tó wà ní òdìkejì ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló kọ̀wé sí gbogbo àwa olùkọ́: *Ẹnì kan wọ dúdú, ó bojú, ó mú nǹkan gígùn dání. Ọlọ́pàá ti ń bọ̀.*

Odessa ni wọ́n rí. Àfọwọ́fà ni. Èmi ni mo rán an, èmi ni mo ní kí ó má bọ́ ọ.

Mo pe ọ́fíìsì, wọn ò gbé e. Mo pe ọlọ́pàá, mo rọra ń sọ̀rọ̀ sínú fóònù. “Ọmọ ọdún méjìlá ni. Páálí ló wà lójú ẹ̀. Ọmọ kíláàsì mi ni.”

“Ṣé ẹ fojú yín rí i pé òun ni wọ́n rí?” obìnrin tó gbé e bi mí.

“Mi ò rí i, ṣùgbọ́n mo mọ̀.”

“Ṣé ẹ lè búra pé kò sí ẹlòmíì níta?”

Mi ò lè búra.

“Màá sọ fún wọn, mà. Ẹ má ṣílẹ̀kùn. Ẹ dúró síbi tẹ́ ẹ wà.”

Mo rákò dé ìdí ilẹ̀kùn, mo gbé ọwọ́ lé irin tí wọ́n fi ń ṣí i. Bó bá jẹ́ èmi nìkan ni mo wà nínú yàrá yẹn, ǹ bá ti ṣí i. Mo bojú wẹ̀yìn, ojú mẹ́tàlélógún ń wò mí nínú òkùnkùn. Iwájú ò ṣeé lọ, ẹ̀yìn ò ṣeé padà sí. Inú ń bí mi sí Lindqvist, sí ẹni tó kọ́kọ́ figbe ta, sí ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tó yẹ kí n bínú sí. Ọwọ́ mi wà lórí irin náà títí ó fi gbóná.

Bàtà wúwo ń sáré bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọkùnrin kan pariwo: “Ju ọ̀pá yẹn sílẹ̀! Dojú bolẹ̀!”

Ọ̀pá náà ró gbàà lórí sìmẹ́ńtì. Mo ń dúró de ìró ìbọn. Mo ń gbàdúrà, mi ò sì mọ ohun tí mò ń sọ.

Ìbọn kò dún.

Ó tó nǹkan bí ìdajì wákàtí kí kọ́kọ́rọ́ tó yí. Lindqvist wọlé pẹ̀lú ọlọ́pàá kan, ó tan iná. “Ẹ ṣe é dáadáa, Mísìs Haskel,” ó ní. “Wọ́n sọ fún mi pé ọmọ náà kan ilẹ̀kùn, ẹ ò ṣí i. Bó ṣe yẹ kó rí gan-an nìyẹn.” Ó ṣe mí bíi kí n gbá a létí.

Odessa wà lẹ́yìn wọn. Kò sí ìbòjú lójú rẹ̀ mọ́. Àgbọ̀n rẹ̀ ti bó níbi tó ti kan ilẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣì wà lókè díẹ̀, bíi pé kò dá a lójú pé wọ́n ti ní kó gbé e sílẹ̀. Ó wá dúró níwájú mi.

“Ẹ má bínú, mà,” ó ní. “Mo mọ̀ pé a kì í kan ilẹ̀kùn bí wọ́n bá ti tì í. Ẹ̀rù ló bà mí.”

Mo ní kó lọ jókòó, ó sì lọ jókòó.