Ọwọ́ Òsì Baba Aaron
Inú Monísọ́lá dùn débi pé ó tẹ orúnkún díẹ̀ kó tó gba ife tíì náà. Baba Aaron fi ọwọ́ ọ̀tún nà án sí i! Láti ìgbà tí nọ́ọ̀sì yìí ti ń wá tọ́jú bàbá náà nílé rẹ̀ ní Lake Arbor, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ìjà wọn ò ju ọ̀kan lọ. Bàbá a fi òsì fún un ní ife, a fi òsì fún un ní kọ́kọ́rọ́, òun náà a ní òun ò gbà.

"Baba, lọ́dọ̀ tiwa, a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni."

"Ilé wo? Òsì yìí ló ra ilé tí o dúró sí yìí." Baba a sì bú sẹ́rìn-ín.

Kò parọ́. Bàbá ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún báyìí, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba aláwọ̀ dúdú láyè nínú ẹgbẹ́ béèsìbọ́ọ̀lù àwọn òyìnbó, òun ló ń ju bọ́ọ̀lù fún wọn. Òtẹ́ẹ̀lì á lé e, á sun inú bọ́ọ̀sì mọ́jú. Tílẹ̀ bá mọ́, á fi òsì ju bọ́ọ̀lù tí àwọn tó di igi ìgbábọ́ọ̀lù mú á kàn máa gbá afẹ́fẹ́. Òsì tó lé òṣì lọ, Monísọ́lá fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀.

"Ẹ ṣé o, Baba! Ẹ ti wá dọmọ káàárọ̀-oò-jíire!" Ó wọ ilé ìdáná lọ, ó pe Ìdùnnú àbúrò rẹ̀ lórí fóònù. Títí ọbẹ̀ ọ̀sán fi jinná, ó ń fọ́nnu.

Ìgbà tó padà sí pálọ̀, bọ́ọ̀lù àtijọ́ tí kì í kúrò lọ́wọ́ òsì Baba ti wà nílẹ̀. Ọwọ́ náà dùbúlẹ̀ lórí itan rẹ̀ bí aṣọ tútù, ẹnu rẹ̀ sì ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Yéè! Rọpárọsẹ̀! Kì í ṣe ẹ̀kọ́ ilé ni Baba kọ́ láàárọ̀, òsì ni kò gbéra mọ́. Odindi nọ́ọ̀sì wá ń pàtẹ́wọ́ fún àìsàn!

"Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?" Obìnrin tó bá áńbúláǹsì wá ló bi í.

Monísọ́lá rò ó wò. Tó bá ní nísinsìnyí ni, ta ló máa mọ̀? Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì, tí wọ́n bá gún un lẹ́yìn àkókò, ó lè pa Baba. Tó bá sì sọ òótọ́, iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. 

"Láàárọ̀ ni," ó ní. "Ó fi ọ̀tún fún mi ní ife. Mo rí i. Mo tiẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

Obìnrin náà wo aago. "Àkókò abẹ́rẹ́ náà ò tíì kọjá. Ẹ jẹ́ ká sáré."

Nínú ọkọ̀, Monísọ́lá kúnlẹ̀ ti Baba, ó ki ọwọ́ bọ àárín ìka òsì rẹ̀.

"Baba, òsì ni mo fẹ́. Ẹ fi òsì di ọwọ́ mi mú. Ẹ dákun, ẹ má bínú sí mi!"

Baba gbọ́. Ó wo ọwọ́ òsì náà títí, kò mì. Ó wá rọra na ọ̀tún sí i, bí Monísọ́lá ṣe máa ń fẹ́ ẹ, nọ́ọ̀sì náà sì bú sẹ́kún.