Fọ́ọ̀mù Rachael

Bàbá Bánjọ, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, gbé fọ́ọ̀mù yunifásítì Rachael, ọmọ rẹ̀, wá bá Fọlákẹ́, olùdámọ̀ràn lórí iṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìlòrò. Ó ti kọ "dókítà" síbẹ̀ fúnra rẹ̀.

"Ìyàwó wa, buwọ́ lù ú."

Ìdílé kan náà ni òun àti ọkọ Fọlákẹ́. Fọlákẹ́ kúnlẹ̀ kí i bí ìyàwó ilé, ṣùgbọ́n orí ìkúnlẹ̀ náà ló ti dáhùn.

"N kò ní buwọ́ lù ú, sà. Òfin tó ti ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ní Àkúrẹ́ wá ni pé ọmọ ló máa yan iṣẹ́ tó wù ú."

"Ṣé Àkúrẹ́ ló fẹ́ ọ ni?"

"Rárá, sà. Àkúrẹ́ ló gbà mí síṣẹ́."

Fọlákẹ́ ránṣẹ́ pe Rachael. Lọ́kàn rẹ̀, ó dá a lójú pé iṣẹ́ olùkọ́ bíi ti òun Fọlákẹ́ lọmọ náà máa yàn.

"Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni mo fẹ́ lọ kọ́, mà," ni Rachael wí.

"Àgbẹ̀ kẹ̀?" Fọlákẹ́ àti Bàbá jọ bi í lẹ́ẹ̀kan náà.

Bàbá wá bú sẹ́rìn-ín. "Ìyàwó wa, òfin Àkúrẹ́ ńkọ́?"

Fọlákẹ́ fa fọ́ọ̀mù náà mọ́ra. "Ó mú èmi náà, sà."

Ó fa igi lé "dókítà", ó na bírò sí Rachael. Bí ọmọ náà ṣe kọ tirẹ̀ tán, Fọlákẹ́ buwọ́ lù ú lójú Bàbá.