Ẹni Tó Di Irun Péńpé

Ìwọ tí ò ń ka èyí, rọra o. Bí ìwọ àti ẹni tí ẹ jọ bímọ bá ti pínyà, má máa yẹ ọmọ wò bí ẹni ń yẹ àpò olè wò, nígbàkigbà tó bá ti ọ̀dọ̀ ìkejì dé. Ojú tó bá ń wá ìjà, kò ní ṣàì rí i.

Onídìrí ni obìnrin yìí. Kóòtù ti tú òun àti ọkọ rẹ̀ ká, kápẹ́ńtà nìyẹn. Péńpé, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ọ̀dọ̀ ìyá ló ń gbé, òpin ọ̀sẹ̀ ló máa ń lọ sọ́dọ̀ bàbá. Ohun kan ṣoṣo ló ń ba ìyá yìí lẹ́rù láyé: kí obìnrin mìíràn má lọ di ìyá fún Péńpé.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, bàbá já ọmọ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ìdìrí ìyá, ó juwọ́ lókèèrè, ó lọ. Bí ọmọ ṣe wọlé, orí rẹ̀ ni ìyá kọ́kọ́ wò. Wọ́n ti di irun Péńpé. Ó rí wọ́kuwọ̀ku. Ọ̀kan tóbi, èkejì tín-ín-rín, wọ́n wá fi òwú pupa so ó nídìí.

Oníbàárà tó jókòó síwájú dígí bú sẹ́rìn-ín. "Háà, Ìyá Péńpé! Èyí mà dà bí ọ̀nà tí eku gbà sá fún ológbò!"

Ìyá ò rẹ́rìn-ín. Oníbàárà tún fi kún un:

"Àfàìmọ̀ kó máà jẹ́ pé ìyàwó tuntun ti dé o. Orí ọmọ rẹ ló fi ń kọ́ṣẹ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún un bí abẹ́rẹ́.

"Péńpé, ta ló dìrí fún ẹ? Ṣé àǹtí kan wà níbẹ̀ ni?"

Ọmọ wolẹ̀. "Mọ́mì, ẹ̀yin lẹ ní kí n má máa gbé ọ̀rọ̀ ilé kan lọ sí ìkejì."

Òótọ́ ni. Òun ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, kí bàbá má baà mọ tilé òun. Kò rò ó pé òfin náà á yíjú sí òun.

Ó fi ọmọ sáàárín orókún, ó mú ooyà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Péńpé fi ọwọ́ méjèèjì bo orí.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Mo fẹ́ gbé e lọ sílé ìwé."

Ìyá gbá ọwọ́ náà kúrò. "Ẹni tó bá fẹ́ ọmọ, kó lọ bí tiẹ̀!" Ó tú u tán pátápátá.

Ìgbà yẹn lọmọ bú sẹ́kún. "Bàbá mi ni! Kò sí àǹtí kankan. Wọ́n so okùn mọ́ ẹsẹ̀ àga ní ṣọ́ọ̀bù wọn, wọ́n ń fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń dìrí. Wọ́n ní kí n má sọ, pé ẹ máa fi àwọn ṣe yẹ̀yẹ́."

Oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í wo èékánná ara rẹ̀. Ìyá dúró, ooyà lọ́wọ́. Àtàǹpàkò bàbá Péńpé ló ń rí lọ́kàn, èyí tí òòlù ti pa lára, bó ṣe ń pín irun sí mẹ́ta.

Ó kúnlẹ̀. "Péńpé mi, màá dì í padà, bó ṣe wà gẹ́lẹ́."

"Ẹ ò lè dì í bẹ́ẹ̀."

Ọmọ ò purọ́. Ọwọ́ tí ìlà títọ́ ti mọ́ lára, kò mọ bí wọ́n ṣe ń wọ́ ọ.

"Kí ni bàbá ẹ tún wí? Ṣé... ṣé wọ́n dárúkọ mi? Sọ fún mi. Mi ò ní bínú."

Péńpé nu imú, ó kọjú sí ògiri. "Mi ò sọ nǹkan kan mọ́, Mọ́mì. Nílé yín o, nílé wọn o, mi ò sọ mọ́."