Gáàsì Ni Mo Ní Kó Pa

Bọ́ílà tó ń mú ilé Rahmah gbóná á dún ta-ta-ta, iná á tàn, kó o tó ka méjì, ó ti kú. Sàká dúró níwájú rẹ̀, ó ń bú u. Ọgbọ̀n ọdún ló ti fi ń tún bọ́ílà ṣe kiri Peckham ní London, kò sì tíì rí èyí tí kò ní kọ́kọ́ bú kó tó gbọ́ràn.

“Iná ń tàn, àmọ́ bọ́ílà ò mọ̀ pé ó tàn,” ó ṣàlàyé fún Rahmah. “Irin kékeré yìí ló máa ń bá a wo iná. Ìdọ̀tí ti bò ó lójú. Tí kò bá ti rí iná, á ní kí gáàsì má wá mọ́.”

“So it's blind, basically,” Rahmah ní. “Uncle, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe é quick. Hamid ní kí man kankan má wọlé tóun ò bá sí nílé.”

Hamid yẹn ni ọkọ rẹ̀. Ọkùnrin tó ga tó ilẹ̀kùn, tí kò rí ẹlòmíràn nà ju ìyàwó lọ! Sàká ti rí ojú òsì ọmọbìnrin náà tó wú lábẹ́ páńkéèkì, inú sì ń bí i burúkú. Ṣùgbọ́n ìyá Rahmah, tí wọ́n jọ ń kírun ní mọ́sáláṣí kan náà, ti bẹ̀ ẹ́ pé bọ́ílà nìkan ni kó ṣe. Otútù ti lé ọmọ oṣù mẹ́ta tí Rahmah bí lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà náà ní Catford láti ọjọ́ mẹ́sàn-án. Torí kí ọmọ lè padà wálé ni Rahmah ṣe ṣílẹ̀kùn fún Sàká lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Sàká fi sáńpépà ha irin náà títí ó fi ń dán, ó dá a padà, ó tẹ bọ́tìnnì. Iná tàn, ó sì dúró. Rahmah pàtẹ́wọ́ bí ọmọdé. Ibẹ̀ ni Hamid bá wọn.

Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó fọ́ Rahmah létí, orí ọmọbìnrin náà lọ gbá kọ́bọ́ọ̀dù.

“Hamid, o ò bẹ̀rù Ọlọ́run ni?”

Ẹ̀ṣẹ́ ló fi dá Sàká lóhùn. Eyín méjì ká sí àgbàlagbà lẹ́nu. Hamid fún un lọ́rùn, ó ń gbá ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ bọ́ílà, ó ń pariwo, “In my house? In my house?” títí páìpù gáàsì fi já nísàlẹ̀, tí iná bọ́ílà kú, tí gáàsì sì bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Òórùn gba gbogbo kíṣìnì. Wọ́n jọ ṣubú lulẹ̀, Hamid ò tú ọwọ́ lọ́rùn rẹ̀. Ẹ̀rù gáàsì wá ba Sàká ju ẹ̀rù ọkùnrin náà lọ, torí bí ẹnikẹ́ni bá ṣáná báyìí, gbogbo wọn ló máa jóná. Ó fi agbára já ọrùn gbà díẹ̀.

“Pa á!” ó kígbe sí Rahmah. “Pa á! Pa á!”

Ojú rẹ̀ ṣú. Kò mọ bó ti pẹ́ tó. Ìgbà tó máa là, sípánà ńlá rẹ̀ ló rí lókè orí Hamid, ní ọwọ́ méjèèjì Rahmah. Ó là á mọ́ ọn lórí. Hamid yíjú bí ẹni tó fẹ́ bèèrè nǹkan, Rahmah tún là á mọ́ ọn, ó tún là á mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ̀jẹ̀ ta sára fíríìjì, ó ta sí Sàká lẹ́nu. Ní ìkẹrin, Hamid wó lé Sàká láyà, ó sì kú síbẹ̀.

“Mo gbọ́ tí wọ́n ní kó pa á!” Olúwakẹ́mi tó ń gbé lókè ń ké ní àtẹ̀gùn. “Jésù! Mo ti pe ọlọ́pàá!”

Sàká ti òkú náà kúrò lára, ó rá dé kọ́bọ́ọ̀dù ẹnu ọ̀nà kó lè pa gáàsì. Ó fọwọ́ kan irin ìtì, ó rí i pé wọ́n ti tì í. Súfèé ti dákẹ́ tipẹ́, òun ni kò fura.

Rahmah gbọ́ Yorùbá Sàká yéké. Ó kọ́kọ́ sáré wá pa gáàsì, lẹ́yìn náà ló wá padà lọ mú sípánà.

“Uncle,” ó sọ láti orí ilẹ̀ tó jókòó sí, ẹ̀jẹ̀ dé ìgúnpá rẹ̀, “mo fẹ́ lọ gbé ọmọ mi.”

Àánú rẹ̀ gún Sàká lọ́kàn, ẹ̀rù rẹ̀ náà sì bà á. Bí àwọn ọlọ́pàá bá mọ ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ yìí, ọmọ Catford yẹn lè dàgbà kí ìyá rẹ̀ tó jáde. Ó fi etí ẹ̀wù nu ipa ìka Rahmah kúrò lára irin ìtì náà dáadáa. Lẹ́yìn náà ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbá a mú, ó sì fún un pinpin.

Ọlọ́pàá obìnrin kan tó ń jẹ́ Adémidé, ọmọ Yorùbá, ló jókòó tì í nínú áńbúláǹsì.

“Bàbá, aunty òkè ní ẹ ní kó pa á.”

“Gáàsì ni mo ní kó pa. London ni wọ́n bí i sí, Yorùbá rẹ̀ ò dá ṣáká. Ó rò pé ọkọ rẹ̀ ni mò ń sọ.”

Adémidé kọ ọ́ sílẹ̀.

“Okay. Tó bá jẹ́ pé ọkọ ló rò, ta ló wá pa gáàsì?”

Sàká gbé ẹ̀jẹ̀ ẹnu rẹ̀ mì.

“Èmi ni mo pa á.”